Bàbá Tó Ń Pè Mí Lẹ́yìn Orí Kọ̀ọ̀kan

Nígbà tí a fẹ́ tẹ ìwé mi àkọ́kọ́, ọkùnrin tó ni ilé ìtẹ̀wé ní Táíwò Road bi mí bóyá kí òun fi nọ́ńbà fóònù mi sí ẹ̀yìn ìwé. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ìwé Yorùbá ṣe ń ṣe, pé òǹkàwé a máa fẹ́ gbọ́ ohùn ẹni tó kọ ohun tó kà. Mo ní kó fi sí i. Mi ò kà á sí nǹkan kan. Tíṣà Yorùbá ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan; ta ni yóò pè mí?

Wọ́n pè mí o. Ẹni àkọ́kọ́ fẹ́ kí n bá òun wá ìyàwó, ó ní ó hàn nínú ìwé náà pé mo mọ ìwà obìnrin. Ẹnì kejì ní ọmọ òun fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde, ṣé mo mọ ohun tí wọ́n máa béèrè. Obìnrin kan pè láti Ọ̀fà, ó ní ìwé náà dùn, ó sì ti pa fóònù kí n tó dúpẹ́. Mo di fóònù mú níbi tí mo jókòó sí, bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ fún tí ìyá ọmọ sì ti lọ. Mi ò mọ ohun tó yẹ kí n fi "ó dùn" yẹn ṣe.

Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ló fà á. Nílé wa nínú Ìlọrin, àgbà kì í yin ọmọdé lójú. Bàbá tó bí bàbá mi jẹ́ àfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú, bàbá mi náà ṣe iṣẹ́ yẹn títí ó fi kú. Ohun tí wọ́n fi kọ́ wa ni pé ti Ọlọ́run ni gbogbo ìyìn, ẹni tí wọ́n bá sì ń yìn lójú, ẹrù tí kò ní lè gbé ni wọ́n ń dì lé e lórí. Lọ́jọ́ tí mo ṣe wòlímọ̀, ayẹyẹ ìparí kéú, tí mo ka ibi tí wọ́n ní kí n kà láìṣì í pè, àwọn obìnrin àdúgbò ń ké "Máṣà Álà, Máṣà Álà." Inú mi dùn, ẹnu mi ò pa dé. Ìyá mi fà mí wọlé, ó bu omi, ó fi bọ́jú fún mi, ó ní kí n lọ fọ abọ́. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ọjà Tuntun, níbi tó ti ń ta ìborùn àti hìjáàbù, tó sì ní, "Ìyá, ọmọ yín mà kọ ìwé," ohun tí yóò sọ ni "Àlùhámúdùlíláì," yóò sì bi oníbàárà rẹ̀ pé àwọ̀ wo ló fẹ́.

Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn mi. Nígbà tí mò ń kọ ìwé yẹn, òun ló ń gbé oúnjẹ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí yóò rọra gbé e sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀, kí ohun tí mò ń rò má bàa bọ́ lọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n kò bi mí lọ́jọ́ kan rí pé kí ló wà nínú ìwé náà. Ó mọ kéú kà dáadáa. Ìwé ABD ni kò mọ̀.

Ìwé náà dá lórí obìnrin méjì, ọmọ ìyá kan náà. Agbo ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé, kànga kan ni wọ́n jọ ń pọn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti jà, wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé náà kò ju bí wọ́n ṣe ń yẹra fún ara wọn lọ: ta ló ń pọn omi láàárọ̀, ta ló ń pọn ọ́n lálẹ́, ta ló ra okùn tuntun sí kànga láìsọ fún ẹnì kejì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásàrí tán ni fóònù dún.

"Ṣé ìwọ lo kọ ìwé yìí?" Ohùn àgbà ọkùnrin ni. Ó ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pe àpèkọ fún ọmọ kíláàsì.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Tíṣà ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni mí, àdúgbò Ṣàngó níbí nínú Ìlọrin ni mo kọ́lé sí. Mo ti ka orí kìíní. Ibi tí àbúrò yẹn ti da omi tó kù nínú garawa padà sínú kànga, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má bàa rò pé òun pọn ju ìwọ̀n lọ, ta ló sọ ìyẹn fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi, sà. Mo rò ó ni."

"O rò ó dáadáa," ó ní. "N ó pè ọ́ tí mo bá ka orí kejì tán."

Ó sì pè mí. Lẹ́yìn orí kejì, lẹ́yìn ẹ̀kẹta, ó ń pè mí bẹ́ẹ̀. Kò fìgbà kan sọ pé "ó dùn" kó sì dákẹ́. Yóò mú ibì kan, yóò kà á sí mi létí, yóò sì sọ ohun tó rí níbẹ̀. Kì í tètè kàwé. Ó ní ojú òun ti dàgbà, pé ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni òun fi ń kà á ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí oòrùn bá ti yí kúrò níbẹ̀, ìwé kíkà ọjọ́ náà parí nìyẹn. Nígbà mìíràn ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó pè.

Ọ̀sẹ̀ yẹn a máa gùn lójú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù sápò dáná. Bí mo bá mọ orí tó ń kà lọ́wọ́, èmi náà á mú ìwé mi, n ó tún un kà, n ó máa gbìyànjú láti mọ ibi tí yóò mú. Bó bá wá mú ibi tí mi ò fọkàn sí, mo máa ń padà síbẹ̀ lọ wò ó bí ẹni pé ẹlòmíì ló kọ ọ́. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ń bi mí pé kí ló ń múnú mi dùn báyìí tó fi jẹ́ pé mò ń kọrin nínú ọ́fíìsì. Mi ò sọ fún wọn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wí i? Pé bàbá kan tí mi ò rí rí ń pè mí láti Ṣàngó láti bá mi sọ̀rọ̀ garawa omi?

Ọ̀rẹ́ mi kan ṣoṣo ni mo sọ fún. A jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ni, ṣùgbọ́n òun kò kọ́ ọmọ rárá. Fíìmù ló ń ṣe níbí ní Ìlọrin, òun ló ń darí rẹ̀. Ó ti sọ fún mi pé òun fẹ́ fi ìwé mi ṣe fíìmù, a sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jọ kọ ọ́ fún eré. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ bàbá náà fún un, ó mi orí.

"O ríire," ó ní. "Wo àwọn tèmi."

Ó gbé fóònù rẹ̀ fún mi. Fíìmù tó gbé sórí ẹ̀rọ ayélujára kẹ́yìn ló wà níbẹ̀, àwọn èèyàn sì ti kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Iṣẹ́ ńlá. Ẹ kú ọpọlọ. Ọlọ́run á gbé yín ga. Àwọn mìíràn ò kọ nǹkan kan ju àwòrán ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ lọ. Mo ní àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀.

"Ṣé o rí gbogbo ìyẹn? Mi ò rántí ẹyọ kan nínú wọn. Ẹnì kan wà nísàlẹ̀ pátápátá tó kọ ọ́ pé 'Fíìmù yìí kò níyọ̀.' Ìyẹn ni mo rántí. Bí o bá jí mi lójú oorun, mo lè kà á fún ọ."

"Kí ló dé tó jẹ́ pé òun lo rántí?"

"Nítorí òun ni mo gbà gbọ́. Ẹni tó ń yìn ọ́, ó lè jẹ́ pé àánú rẹ ló ń ṣe é. Ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ kí o fi òun sínú fíìmù. Ẹni tó sọ pé kò níyọ̀, kí ló ń wá?"

Mo rẹ́rìn-ín sí i nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni bàbá sọ fún mi pé orí kan péré ló kù. "N ó fara balẹ̀ kà á," ó ní. "Mi ò fẹ́ kí ó tètè tán." Inú mi dùn gan-an ni. Gbogbo ohun tó ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo rò pé àkójọ rẹ̀ ló kù tó máa wá sọ, pé yóò ka ìparí náà tán, yóò sì wá sọ fún mi ohun tí ìwé mi jẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò pè. Mo ní bóyá oòrùn ò ràn dáadáa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, torí òjò ti ń rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì kọjá. Mo ní bóyá ara rẹ̀ ò yá. Nígbà tí mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, èmi fúnra mi pè é, mo ní mo fẹ́ kí i ni.

Ó gbé e lójú ẹsẹ̀. Ara rẹ̀ le. Ó bi mí léèrè ìyá mi, ó bi mí léèrè àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ó ní oòrùn tó mú lọ́jọ́ yẹn jọ oòrùn òjò. Ó sọ̀rọ̀ nípa iná tí wọn ò mú wá. Ó sọ̀rọ̀ nípa gbogbo nǹkan. Kò dárúkọ ìwé. "Ó dàárọ̀ o," ó ní, ó sì pa fóònù.

Ìyẹn dùn mí ju kó má gbé e lọ.

Nígbà tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi, ó ní, "O ti gba ìdáhùn nìyẹn. Má lọ bi í o. Bí òǹwòran bá dákẹ́, fi í sílẹ̀ kó dákẹ́. Èmi bi ẹnì kan rí. Ohun tó sọ fún mi, ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn rẹ̀ kí n tó tún lè fọwọ́ kan kámẹ́rà."

Mo gbọ́ ọ. Nígbà tó di Sátidé, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ṣàngó.

Kò nira láti mọ ilé náà. Gbogbo àdúgbò ló mọ Bàbá Tíṣà. Ìyàwó rẹ̀ ló jáde sí mi. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Àṣé ìwọ nìyí," ó ní. "Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ nílé yìí, mo ti rò pé ọmọ tó bí síta ni." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wọlé, ó sì gbé omi àti wàrà díndín síwájú mi.

Bàbá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó wọ bùbá funfun, ìwé mi wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti pa á dé.

"O wá gba èsì ìdánwò rẹ," ó ní.

"Mo wá kí yín ni, sà."

"O wá kí mi, o sì wá gba èsì. Jókòó, ọmọ mi." Ó dúró kí n jókòó. "Mo ti kà á tán. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á, kó má bàa jẹ́ pé ojú mi ló ṣe é. Ohun tí mi ò fi pè ọ́ ni pé mi ò fẹ́ purọ́ fún ọ. Mi ò sì fẹ́ sọ òótọ́ rẹ̀ lórí fóònù. Òótọ́ orí fóònù máa ń le ju bó ṣe yẹ lọ, torí pé ẹni tí ò ń sọ ọ́ fún kò rí ojú rẹ."

"Kí ló ṣe é, sà?"

"O sáré." Ó gbé ìwé náà, kò ṣí i. "Àwọn obìnrin yìí, wọ́n ti ń bínú síra wọn tipẹ́tipẹ́. O fi odindi ìwé sọ fún wa bí wọ́n ṣe ń yẹra fún ara wọn, mo sì gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Ó wá ku ojú ìwé méjì. Àbúrò ṣubú lẹ́bàá kànga, ẹ̀gbọ́n sáré jáde, wọ́n dì mọ́ra, wọ́n sunkún, ó tán. Ta ló ń lé ọ?"

Mo sọ bó ṣe rí fún un. "Ó ti rẹ̀ mí, sà. Mo fẹ́ kí wọ́n parí ìjà kí n lè sinmi."

"Ìyẹn yé mi," ó ní. "Ó máa ń rẹ èèyàn." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan mìíràn. "Èmi àti àbúrò mi tó wà ní Ọ̀mù-Àrán jà lórí ilẹ̀ bàbá wa. Ọdún ń gorí ọdún, a ò rí ojú ara wa. Ìyàwó mi yìí bẹ̀ mí, pásítọ̀ bẹ̀ mí, àwọn ẹbí bẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó ṣubú sẹ́bàá kànga. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé fóònù dún lọ́jọ́ kan, òun ni. Kò kí mi. Ó ní, 'Ṣé òjò ti rọ̀ ní Ìlọrin?' Mo ní, 'Ó rọ̀ lánàá.' Ó ní, 'Níbí, kò tíì rọ̀.' Ó pa á. Nígbà tó ṣe, ó tún pè. Òjò náà ni. Bá a ṣe ń ròyìn òjò fún ara wa nìyẹn títí tí àsìkò òjò fi lọ. Nígbà tí ọyẹ́ dé, kò sí òjò tá a fẹ́ béèrè mọ́. Èmi ni mo wá bi í pé àwọn ọmọ ńkọ́."

Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́.

"A ò dì mọ́ra títí di òní," bàbá ní. "Ṣùgbọ́n ìjà ti parí."

Ó sìn mí dé etí títì. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ dúró, ó ní, "Àwọn orí tó kù, gbogbo ohun tí mo sọ nípa wọn, mi ò yí i padà."

Inú ń bí mi nínú kẹ̀kẹ́. N ò ní purọ́. Mò ń sọ nínú ara mi pé ta ló ní kó kà á, pé àwọn mìíràn ka ìparí yẹn, wọ́n sì sunkún, obìnrin Ọ̀fà yẹn ò sọ pé mo sáré. Mo rò pé ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe fíìmù mọ ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n kí n tó délé, nǹkan mìíràn ti ń wá sí mi lọ́kàn, ó sì ń yà mí lẹ́nu. Bàbá yìí ì bá ti sọ pé ó dùn, kó sì lọ sùn. Kò ní í ná an ní ohunkóhun. Dípò bẹ́ẹ̀, ó gbé ọ̀rọ̀ náà sínú fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń wá ọ̀nà tí kò fi ní purọ́ fún mi, tí kò sì ní pa mí lẹ́kún. Ẹni tó lè ṣe ìyẹn, ìgbà tó ní "o rò ó dáadáa," mo rò ó dáadáa ni. Láti ìgbà tí ìwé náà ti jáde, mi ò tíì gbà á gbọ́ rí pé mo ṣe nǹkan tó dára. Ọjọ́ tí wọ́n fi ibi tí mo ti kùnà hàn mí ni mo gbà á gbọ́.

Ìyá mi rí i pé mi ò jẹun dáadáa. Ó bi mí pé kí ló dé, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ìpè àkọ́kọ́ títí dé orí òjò Ọ̀mù-Àrán. Ó nu ọwọ́ rẹ̀.

"Kà á fún mi," ó ní.

"Kí ni, Ìyá?"

"Ìwé náà."

A bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì. Lójoojúmọ́ yóò jókòó lórí ẹní, yóò fẹ̀yìn ti ògiri, tẹ̀súbáà rẹ̀ á wà lọ́wọ́ rẹ̀, èmi á máa kà. Kì í sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé ìka rẹ̀ ni kí n máa wò. Ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà náà á máa lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ibì kan bá wá mú un lọ́kàn, ìka rẹ̀ á dúró, ìlẹ̀kẹ̀ á dúró, títí n ó fi kọjá ibẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi ìparí, ibi ìdìmọ́ra àti ẹkún, ìlẹ̀kẹ̀ ń lọ geere. Kò dúró rárá. Mo pa ìwé dé.

"Bàbá yẹn ò purọ́," ìyá mi ní.

"Mo mọ̀, Ìyá."

Mo rò pé ó ti parí. Ó wá ní, "Obìnrin tó da omi padà sínú kànga yẹn. Mo mọ irú rẹ̀. Bó o ṣe sọ ọ́ yẹn ló ṣe rí." Ó dìde, ó fọwọ́ kan èjìká mi bó ṣe ń kọjá lọ. "O ṣiṣẹ́, ọmọ mi," ó ní, ó sì lọ ṣe àlùwàlá.

Èmi tí mò ń retí ọ̀rọ̀ yẹn láti kékeré, nígbà tó dé, mi ò sunkún, mi ò sì rẹ́rìn-ín. Mo jókòó sórí ẹní náà títí ó fi kírun tán.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi, mo ní a máa yí ìparí fíìmù padà. Kò gbà. Ibi ìdìmọ́ra yẹn ló fẹ́ràn jù.

"Àwọn òǹwòran fẹ́ sunkún," ó ní. "Bí wọn ò bá sunkún, wọn ò ní pàtẹ́wọ́."

"Wọ́n lè má pàtẹ́wọ́."

"Èmi ni wọ́n máa kọ ọ́ sábẹ́ fíìmù mi pé kò níyọ̀, kì í ṣe ìwọ."

Mo sọ ìtàn òjò fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní kí n tún un sọ. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé ṣé bàbá náà máa gbà kí a lò ó. Mo pe bàbá. Bàbá ní ti àwọn méjèèjì ni ìtàn náà, pé òun máa kọ́kọ́ bi àbúrò òun. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó pè mí padà, ó ní àbúrò òun ní kí a máa lò ó, àmọ́ kí a má fi ẹni tó burẹ́wà ṣe òun.

Agbo ilé kan nínú Ìlọrin ni a ti ya á, ibi tí kànga ṣì wà láàárín ilé. Nínú fíìmù náà, kò sẹ́ni tó ṣubú. Àbúrò ń sá aṣọ. Ẹ̀gbọ́n wà lójú fèrèsé. Àbúrò ní, láìwo ẹ̀yìn, "Ṣé òjò á rọ̀ lónìí?" Ẹ̀gbọ́n pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní, "Ó jọ ọ́." Ìgbà tí òjò dé, àbúrò ti jáde lọ, ẹ̀gbọ́n sì sáré jáde lọ ká aṣọ rẹ̀ wọlé fún un. Ibẹ̀ ló parí sí.

A kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn ní gbọ̀ngàn kan tí a yá ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ìyá mi wá, òun àti àwọn obìnrin méjì láti ọjà. Bàbá Tíṣà wá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ọkùnrin kan tó sanra jù ú lọ sì jókòó sí ọwọ́ òsì rẹ̀. Mi ò béèrè ẹni tó jẹ́. Ojú wọn jọra.

Nígbà tí fíìmù parí, gbogbo ilé dákẹ́. Ọ̀rẹ́ mi di apá àga mú. "Mo sọ fún ọ," ó ní sí mi létí. Èmi gan-an ò lè gbé ojú sókè. Obìnrin kan nínú òkùnkùn wá sọ fún ẹni tó jókòó tì í, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "Ó bá a ká aṣọ." Ẹnì kan fọn imú. Lẹ́yìn náà ni àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀, kò sì tètè tán.

Níta, àwọn èèyàn yí ọ̀rẹ́ mi ká. Mo dúró lẹ́yìn wọn, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń dá wọn lóhùn. Bí ẹnì kan bá ní fíìmù náà dára, kò ní ṣe bó ṣe máa ń ṣe, kó rẹ́rìn-ín kó wojú ilẹ̀. Yóò bi wọ́n pé, "Ibo lẹ fẹ́ràn jù?" Ọkùnrin kan sọ fún un pé òun ò gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n dáadáa ní ibì kan. Ọ̀rẹ́ mi fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń bi í pé ibo gan-an ni. Ojú rẹ̀ ò fà ro. Ó jọ ẹni tí ebi ń pa tí wọ́n gbé oúnjẹ fún.

Bàbá Tíṣà àti àbúrò rẹ̀ wà lábẹ́ ibòji, wọ́n ń bára wọn jiyàn.

"Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ béèrè òjò," àbúrò ní. "Ẹ̀yin lẹ pè mí."

"Ìwọ lo pè. Mo ṣì rántí ibi tí mo jókòó sí."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni."

Ìyàwó bàbá ní kí n má dá wọn lóhùn, pé láti àárọ̀ ni wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí àbúrò náà. Ó ní kí n dìde.

"Ìwé rẹ ló ń kà fún mi lórí fóònù," ó ní. "Lójoojúmọ́ ni, lọ́sàn-án. Èmi ò ní ojú ìwé kíkà mọ́. Òjò la kọ́kọ́ fi ń bára wa sọ̀rọ̀, ìwé rẹ la wá ń fi sọ ọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní ka orí tó kẹ́yìn fún mi, pé kí n wá wo fíìmù."

Mo yíjú sí bàbá. Ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Èyí dára," ó ní. "O ò sáré."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Mi ò fi nǹkan kan kún un, mi ò sì wá ọ̀rọ̀ mìíràn sọ láti fi bò ó mọ́lẹ̀. Mo gbà á bó ṣe fi í fún mi.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé mìíràn báyìí. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, torí iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ pọ̀, torí pé mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa lé mi, èmi fúnra mi pẹ̀lú. Bí mo bá ti parí orí kan, ìyá mi ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Lánàá, ó dá mi dúró lágbedeméjì, ó ní kí n padà sẹ́yìn, kí n tún ibì kan kà. Mi ò tíì mọ̀ bóyá ibẹ̀ ló dùn mọ́ ọn ni tàbí ibẹ̀ ni kò tọ̀nà. N ó bi í ní ìrọ̀lẹ́ òní, bó bá ti ọjà dé.